Àìrí Kì í Ṣe Àìsí: Bí A Ṣe Ń Wá Lámilámi Oníkùmọ̀ ní Àwọn Odò Bìrìtéènì

Orúkọ tí Yorùbá fún lámilámi jẹ́ orúkọ tí a fi ojú wo iṣẹ́ ẹ̀dá náà kí a tó sọ ọ́. Àpètúnpè àpólà-ìṣe ni, ìhun rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti panápaná tàbí pẹjapẹja. Lá omi di lámi. Lámi di lámilámi, ẹ̀dá tí ń lá omi. Ẹni tí ó bá ti dúró létí odò tàbí létí adágún yóò ti rí ohun tí ó bí orúkọ náà. Kòkòrò yìí a máa fò lọ lókè omi, a ti ìdí bọ omi, a gbé e sókè, a sì tún tì í bọ̀ ọ́. Ó jọ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi ni ó ń lá. Abo ni, ẹyin ni ó sì ń yé sínú omi.

Láti ìgbà tí ẹyin náà bá ti rì, ojú wa kò tó ẹ̀dá yìí mọ́. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ọjọ́ ayé lámilámi, abẹ́ omi ni ó ti ń lò ó. Ìwọ̀nba tí a ń rí lójú afẹ́fẹ́ ni ìparí ayé rẹ̀. Èyí ni ó mú kí ó ṣòro láti dáhùn ìbéèrè kan tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn: odò wo ni ẹ̀yà lámilámi kan ń gbé, odò wo ni kò sì gbé? Àpilẹ̀kọ yìí yóò fi ẹ̀yà kan tí ó ṣọ̀wọ́n ní Bìrìtéènì ṣàlàyé bí a ṣe ń wá ìdáhùn. Kókó rẹ̀ ni pé àkọsílẹ̀ ibi tí a ti rí ẹ̀dá kan kò lè pé láìsí àkọsílẹ̀ ibi tí a wá a dé tí a kò rí i.

Ẹ̀yà tí orúkọ rẹ̀ lè ṣi ni lọ́nà

Gomphus vulgatissimus ni orúkọ ẹ̀yà yìí nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Linnaeus ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1758, ìtumọ̀ vulgatissimus ní èdè Látìnì sì ni "èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ". Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é náà sọ pé ó wọ́pọ̀. Ní Bìrìtéènì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àkójọ tí a fi díwọ̀n ewu tí ó wà lórí àwọn lámilámi ibẹ̀ ní 2008, a kà á mọ́ àwọn ẹ̀yà tí ewu ìparun ti ń sún mọ́. Ìwọ̀nba odò ni a mọ̀ ọ́n mọ́: Thames àti Arun ní gúúsù England, Severn, Teme àti Wye ní ìwọ̀ oòrùn, Dee, Teifi àti Tywi ní Wales àti ààlà rẹ̀.

Nítorí pé ìparí ikùn rẹ̀ wú bí orí kùmọ̀, lámilámi oníkùmọ̀ ni a ó máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5. Dúdú ni, pẹ̀lú àmì aláwọ̀ ìyeyè tí ń di aláwọ̀ ewé bí ó bá ti ń dàgbà. Àmì tí ó dájú jù lọ wà ní orí rẹ̀. Nínú gbogbo lámilámi ńlá Bìrìtéènì, ìyẹn àwọn tí ń na ìyẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ bí wọ́n bá bà, òun nìkan ni ojú rẹ̀ méjèèjì jìnnà sí ara wọn. Ti àwọn yòókù fara kan ara wọn lókè orí.

Odò tí kò yára ṣàn ni ó fẹ́ràn, odò tí ó ń ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí omi rẹ̀ mọ́, tí ẹrẹ̀ kíkúnná sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Inú ẹrẹ̀ yìí ni ọmọ rẹ̀ ń gbé. Kò jìn nínú ẹrẹ̀. Ó kàn bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, ó ń dúró de àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí yóò kọjá, ó sì ń na ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta lójijì láti fi mú wọn. Ọdún 3 sí 5 ni ó ń lò báyìí. Lẹ́yìn náà ni yóò jáde sí afẹ́fẹ́, tí yóò sì lo ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó kú.

Ìdí tí ó fi ṣòro láti rí

Ohun mẹ́ta ni ó mú kí lámilámi yìí bọ́ mọ́ ojú lọ́wọ́.

Èkíní ni àkókò. Àárín oṣù Karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni ó sábà máa ń jáde, púpọ̀ nínú àwọn tí yóò jáde lọ́dún kan lójú odò kan sì lè jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó bá dé etí odò ní oṣù Keje ti pẹ́ jù.

Èkejì ni pé kì í dúró. Bí ìyẹ́ rẹ̀ bá ti le tó láti gbé e, yóò fi odò sílẹ̀ lọ sínú igbó àti sí orí igi, níbi tí yóò ti máa jẹun títí ara rẹ̀ yóò fi gbó. Ó lè rìn tó kìlómítà 10 sí odò. Akọ yóò padà wá bà sórí koríko etí omi láti dúró de abo. Ṣùgbọ́n abo kì í padà bí kò bá ṣe fún ẹyin.

Ẹ̀kẹta tẹ̀ lé èkejì. Bí ẹnìkan bá rí lámilámi oníkùmọ̀ nínú igbó tí ó jìnnà sí odò ní kìlómítà 8, òótọ́ ni pé ó rí i, ṣùgbọ́n kò tíì mọ odò tí ó ti wá. Bí odò méjì bá wà nítòsí igbó náà, àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò lè yàn láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, odò ni a fẹ́ mọ̀, nítorí odò ni a lè dáàbò bò tàbí bà jẹ́.

Awọ tí ó fi sílẹ̀

Ẹ̀rí kan wà tí kì í fò lọ. Nígbà tí ọmọ lámilámi bá ṣetán, yóò rá kúrò nínú omi, yóò sì di nǹkan mú ní bèbè: koríko, gbòǹgbò igi, tàbí ògiri pàápàá. Ẹ̀yìn rẹ̀ yóò là. Lámilámi tí ó ní ìyẹ́ yóò yọ jáde, yóò na ìyẹ́ náà títí yóò fi gbẹ, yóò sì fò lọ. Awọ tí ó ti inú rẹ̀ jáde yóò wà níbi tí ó ti dì mú, gẹ́gẹ́ bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀ ṣe máa ń wà lójú ọ̀nà, odindi, pẹ̀lú ẹsẹ̀, orí àti ojú.

Awọ àbọ́sílẹ̀ yìí ni ìpìlẹ̀ ìwádìí. Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tí ó sọ pé òun rí lámilámi tí ó kọjá fìrí ń mú ìròyìn wá. Awọ jẹ́ ohun tí a lè gbé sínú páálí kékeré, kí ẹlòmíràn wò ó lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kí ó sì jiyàn tàbí kí ó fara mọ́ ọn. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, awọ ń sọ ohun tí lámilámi tí ń fò kò lè sọ. Ó ń sọ pé ẹ̀dá yìí dàgbà nínú odò yìí, àti pé omi àti ẹrẹ̀ odò náà gbà á fún gbogbo ọdún tí ó fi wà nísàlẹ̀.

Dídá a mọ̀ kò le púpọ̀. Awọ àwọn ẹ̀yà lámilámi odò mìíràn sábà máa ń gùn tàbí kí ó yípo; ti oníkùmọ̀ fẹ̀, ó sì pẹlẹbẹ. Ìwo orí rẹ̀ ní oríkèé mẹ́rin péré, ẹ̀kẹta nínú wọn sì tóbi ju àwọn yòókù lọ. Àmì yìí jẹ́ ti ẹbí rẹ̀, Gomphidae. Nítorí pé òun nìkan nínú ẹbí náà ni ó ń bímọ sí odò Bìrìtéènì, ẹni tí ó bá ti rí àmì náà lábẹ́ dígí tí ń mú nǹkan tóbi kò ní láti wá àmì mìíràn.

Ẹ̀rí yìí náà ní ààlà tirẹ̀. Odò a máa gbé ọmọ lámilámi lọ sí ìsàlẹ̀, pàápàá nígbà tí omi bá kún. Nítorí náà, awọ ń sọ ibi tí ẹ̀dá náà ti jáde. Kò fi dandan sọ ibi tí a ti yé ẹyin rẹ̀. Àti pé awọ fúyẹ́. Òjò ńlá, ẹ̀kún omi tàbí ìgbì tí ọkọ̀ ojú omi dá sílẹ̀ lè gbá gbogbo rẹ̀ lọ ní ọ̀sán kan.

Bí a ṣe ń wá a

Kí a tó lọ sí etí odò ni a ti ń yan ibi tí a ó wá. Bí a bá lọ sí ibi tí a ti mọ̀ pé ó wà nìkan, a ó kàn tún ohun tí a mọ̀ sọ ni. Ó yẹ kí a yan ibi tí a mọ̀ àti ibi tí a kò mọ̀, kí gígùn wọn dọ́gba, mítà 100 fún àpẹẹrẹ, kí ó lè ṣeé ṣe láti fi èyí wé èyí.

A ó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà tí a retí pé yóò jáde, a ó sì máa padà lọ sí ojú kan náà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, títí ìgbà náà yóò fi kọjá. Lẹ́yìn òjò ńlá, a kò gbọdọ̀ fi àìrí awọ ṣe ìdájọ́, nítorí omi lè ti gbá a lọ. A ó bẹ̀rẹ̀ ìwò wa láti ojú omi lọ sókè, ní ìdí koríko, lára gbòǹgbò, lára òkúta àti lára igi tí a fi gba bèbè ró. Ohun tí ó fara sin sábẹ́ gbòǹgbò, ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kékeré tí a ń fi àjẹ̀ wà ni yóò rí i. Ohun tí ó wà láàárín koríko gíga, ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ ni yóò rí i. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Awọ tí a bá rí, a ó mú un kúrò, kí a má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí a bá padà wá. Lámilámi tí ó ń jáde lọ́wọ́, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án: ìyẹ́ tí ó bá ká tàbí tí ó ya kí ó tó gbẹ kò lè tún ara rẹ̀ ṣe mọ́. Ó yẹ kí a gba ìyọ̀ǹda onílẹ̀, kí a má sì dá nìkan lọ sí bèbè tí ó ga.

Nǹkan mẹ́rin ni àkọsílẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣaláìní: ta ni ó rí i, kí ni ó rí, níbo ni, ní ọjọ́ wo? Fún ìwádìí bí èyí, a ó fi méjì kún un: ìṣẹ́jú mélòó ni a fi wá a, awọ mélòó ni a sì kà? Bí iye awọ bá jẹ́ òfo, a ó kọ òfo. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ti ń kùnà, nítorí ẹni tí kò rí nǹkan kan máa ń rò pé òun kò ní ìròyìn láti mú wá.

Òfo tí a kọ àti òfo tí a kò kọ

Àwòrán ilẹ̀ tí a fi ń ṣàfihàn ibùgbé àwọn lámilámi Bìrìtéènì sábà máa ń pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, kìlómítà 10 ní gígùn, 10 ní ìbú. Àmì kan nínú igun kan túmọ̀ sí pé a ti rí ẹ̀yà náà níbẹ̀. Àmì kan náà ni igun tí a ti rí ọgọ́rùn-ún awọ yóò gbà, òun náà ni igun tí ẹnìkan ti rí lámilámi kan ṣoṣo tí ó ń kọjá lọ yóò gbà. Igun tí kò ní àmì sì ní ìtumọ̀ méjì tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀: ó lè jẹ́ pé a wá a níbẹ̀ dáadáa tí kò sí, ó sì lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò dé ibẹ̀ rí ní oṣù Karùn-ún.

Àwọn tí ń kọ àkọsílẹ̀ kì í sì í tàn ká bákan náà. Wọ́n pọ̀ nítòsí ìlú, nítòsí afárá, ní ibi tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti gba etí odò kọjá. Bí a kò bá ṣọ́ra, a ó ya àwòrán ibi tí àwọn ènìyàn ń rìn, a ó sì pè é ní àwòrán ibi tí lámilámi ń gbé.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn. Ká ní lámilámi oníkùmọ̀ wà ní ojú odò kan lóòótọ́, àti pé nínú ìgbà méjì tí olùwádìí bá lọ, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò rí awọ. Bí ó bá lọ lẹ́ẹ̀kan tí kò rí nǹkan kan, kò tíì mọ̀ púpọ̀. Bí ó bá lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣeéṣe pé yóò pàdánù rẹ̀ ní gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ìdá 1 nínú 8. Òfo rẹ̀ ti ń ní ìwúwo. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́rin ni ó ń rí i, lílọ lẹ́ẹ̀mẹta lásán yóò fi í sílẹ̀ ní ìdá 27 nínú 64, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ìlọ mẹ́ta kan náà, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ èwo nínú méjèèjì ni òtítọ́? Láti àwọn ojú odò tí a ti rí awọ ní ẹ̀ẹ̀kan, ó kéré tán. A mọ̀ pé ẹ̀dá náà wà níbẹ̀, nítorí náà iye ìgbà tí a lọ tí a kò rí i níbẹ̀ ń sọ bí ojú wa ṣe mú tó. Ìwọ̀n yẹn ni a ó wá fi ka àwọn ojú odò tí a kò rí nǹkan kan rárá. Bí àwọn olùwádìí bá ti pa òfo wọn rẹ́, ìṣirò yìí kò ṣeé ṣe mọ́.

Ìdí rèé tí iṣẹ́ náà fi nílò ènìyàn púpọ̀. British Dragonfly Society, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1983, ni ó ń kó àkọsílẹ̀ lámilámi jọ ní Bìrìtéènì. Ní 2017, ó pe àwọn tí ó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn láti wá lámilámi oníkùmọ̀ yìí ní pàtó. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé: kò sí olùwádìí kan tí ó lè wà létí Thames, létí Dee àti létí Teifi láàárín ọjọ́ díẹ̀ kan náà nínú oṣù Karùn-ún.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Ẹ lè béèrè pé kí ni ó burú bí igun kan lórí àwòrán ilẹ̀ bá ṣófo láìtọ́. Ó burú nítorí pé àwọn mìíràn ń ka àwòrán náà. Nígbà tí a bá fẹ́ kó ẹrẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ odò, tàbí kí a fi irin gba bèbè, tàbí kí a ṣe ibùdókọ̀ tuntun fún ọkọ̀ ojú omi, a máa ń béèrè ẹ̀dá tí ó wà níbẹ̀. Igun tí ó ṣófo ń dáhùn pé kò sí ẹnìkan nílé.

Ní ti lámilámi oníkùmọ̀, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ wúwo. Nítorí pé ọmọ rẹ̀ ń lo ọdún 3 sí 5 nínú ẹrẹ̀, ọmọ ọdún yìí, ti èṣí àti ti ìjẹta ni ó jọ wà nísàlẹ̀ pọ̀. Kíkó ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè kó gbogbo wọn lọ. Àwọn tí ó ń fò ní ọdún náà yóò ṣì máa fò, ẹni tí ó bá rí wọn yóò sì rò pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Bìrìtéènì ti rí irú àdánù yìí rí. Oxygastra curtisii, lámilámi aláwọ̀ ewé tí ń dán, tí àmì aláwọ̀ ọsàn tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, gbé ní Moors River ní gúúsù England láti ìgbà tí a ti mọ̀ ọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lẹ́yìn 1963, a kò rí i níbẹ̀ mọ́. Omi ìdọ̀tí tí ó ń ti ibi ìtọ́jú ìgbọ̀nsẹ̀ wọ odò náà wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ kà sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀yà náà ṣì wà ní ilẹ̀ Faransé, Sípéènì àti Pọtogí. Ṣùgbọ́n ní Bìrìtéènì, ojú odò tí a ti mọ̀ ọ́n kéré débi pé ìbàjẹ́ odò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti pa á rẹ́.

Ìdàkejì rẹ̀ náà wà. Ní Jámánì, ìbátan lámilámi oníkùmọ̀ kan, Stylurus flavipes, ti pòórá lójú odò Rhine nígbà tí omi náà bàjẹ́. Nígbà tí a tún omi náà ṣe, ó padà wá ní àwọn ọdún 1990. Awọ àbọ́sílẹ̀ létí odò wà lára ẹ̀rí tí a fi ń mọ irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí ó ń sọ pé ẹ̀dá kan ti lọ ni ó tún ń sọ pé ó ti dé.

Odò tí a kò tíì rìn

Ẹbí Gomphidae kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ictinogomphus ferox, tí ó lágbára tí ó sì tóbi, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn tí a mọ̀ káàkiri ilẹ̀ olóoru Áfíríkà, Nàìjíríà náà sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àkọsílẹ̀ Bìrìtéènì wé ti Áfíríkà, ìyàtọ̀ náà pọ̀. Ní 2015, nínú àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo, Dijkstra, Kipping àti Mézière ṣàpèjúwe ẹ̀yà lámilámi 60 láti Áfíríkà tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò tíì fún lórúkọ rí. Bí ẹ̀yà 60 bá lè wà láìní orúkọ, mélòó ni igun tí ó ṣófo lórí àwòrán ilẹ̀ ibẹ̀ nítorí pé a kò tíì wá ibẹ̀ wò?

Fún àwa tí a ń kọ èdè yìí lẹ́yìn odi, ìlànà kan náà ni yóò ṣiṣẹ́ létí Thames àti létí Ọ̀ṣun: ojú odò tí a yàn ṣáájú, ìlọ tí a tún lọ, awọ tí a kà, àti òfo tí a kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá rin mítà 100 ní etí odò kan ní oṣù Karùn-ún, tí ẹ kò rí awọ kan ṣoṣo, ẹ kọ ọjọ́ náà, ẹ kọ ibẹ̀, ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ẹ lò, kí ẹ sì kọ òfo sí iwájú rẹ̀. Ẹni tí yóò dé ibẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, tí yóò sì rí ọ̀kan, yóò nílò òfo yẹn kí ó tó lè mọ̀ pé ohun tuntun ni òun rí.